Ọkọ̀ tuntun tó ń yọ mí lẹ́nu: ṣé kí n fẹjọ́ sun ìjọba?

Ẹ̀yin ará wa ní Texas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ̀ tuntun tí mo rà kò tíì pé ọdún kan, jíà rẹ̀ ń já lórí eré, tàwọn ọmọ tàwọn ọmọ nínú rẹ̀! Bí mo bá gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan. Lemon Law, ìyẹn òfin tó ń gbèjà ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tó ní àléébù, ní bí wọ́n bá ti tún àléébù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù 24 tàbí máìlì 24,000, tí kò sì lọ, a lè fẹjọ́ sun Texas DMV, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Dọ́là 35 lowó ìwé ẹ̀sùn náà. Mo ti kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ta ló ti fẹjọ́ sùn báyìí rí láìgba lọ́yà? Ṣé ìgbà tí wọn ò "rí nǹkan kan" yẹn náà wà nínú mẹ́rin ọ̀hún? Ọkọ mi ní ká kúkú tà á. Ta la fẹ́ tà á fún?