Ìmọ̀ràn: ọ̀pọ̀ nọ́ńbà sínú stored procedure lẹ́ẹ̀kan náà

ỌmọYábàá: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. SQL Server 2014 ni ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà fi ń ka ọjà. Mo fẹ́ kí stored procedure (àkójọ àṣẹ SQL tá a tọ́jú sínú dátábéèsì) gba nọ́ńbà ọjà bíi 200 pọ̀. Mo kọ `WHERE ProductId IN (@ids)`, mo fi '12,15,40' ránṣẹ́, ó dá a padà: `Conversion failed when converting the varchar value '12,15,40' to data type int.` Ọ̀nà wo lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́nDàtábéèsì: Àbúrò, nọ́ńbà mẹ́ta kọ́ ni SQL Server rí níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí, kọ́mà wà nínú ẹ̀, odindi ẹ̀ ló sì fẹ́ sọ di int, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo. Table-valued parameter (TVP), ìyẹn parameter tó ń gbé odindi table wọlé, ni kó o lò, ó ti wà láti SQL Server 2008.

`CREATE TYPE dbo.IdList AS TABLE (Id int NOT NULL PRIMARY KEY);`

Parameter ẹ á wá di `@ids dbo.IdList READONLY`. Má gbàgbé READONLY yẹn, procedure ò ní ṣe é dá láìsí i. Lẹ́yìn náà:

`FROM dbo.Stock s JOIN @ids i ON i.Id = s.ProductId`

Ní C#, kó nọ́ńbà sínú DataTable, lo `SqlDbType.Structured`, kí TypeName jẹ́ `dbo.IdList`. Yọ èyí tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò ṣáájú, torí PRIMARY KEY ò ní gbà á, gbogbo ẹ̀ ló sì máa kọ̀.

ṢùrùlérèSQL: Àṣẹ lórí procedure nìkan ò tó o! `GRANT EXECUTE ON TYPE::dbo.IdList` fún user tí app ń lò. Type ò sì ní ALTER: tó o bá fẹ́ yí i padà, gbogbo procedure tó ń lò ó lo máa kọ́kọ́ drop. Jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀, column kan péré.

ÀǹtíQuery: Bẹ́ ẹ bá bọ́ sí 2016, STRING_SPLIT wà, tó ń gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ níbi kọ́mà, àmọ́ compatibility level dátábéèsì (ẹ̀yà SQL Server tó ń hùwà bíi tiẹ̀) gbọ́dọ̀ tó 130. Fi TRY_CAST sọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan di int, kí lẹ́tà kan tó ṣèèṣì wọ̀ ọ́ má da gbogbo ẹ̀ rú. Jọ̀ọ́, má lẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ dynamic SQL (àṣẹ SQL tá a fi ọ̀rọ̀ so pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́), ilẹ̀kùn lo ṣí sílẹ̀ fún olè yẹn.

ỌmọYábàá: Ẹ ṣé gan-an. Tí ò bá sí nọ́ńbà kankan ńkọ́? Tó bá sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún?

Ẹ̀gbọ́nDàtábéèsì: DataTable òfìfo ò ṣe nǹkan kan, JOIN ò kàn ní mú ohunkóhun jáde. DBNull (àmì pé kò sí iye kankan) ni kì í gbà. Tó bá pọ̀ gan-an, kó wọn sínú `#ids` (temporary table) kó o tó ṣe JOIN: TVP ò ní statistics (àkọsílẹ̀ nípa àwọn iye tó wà nínú ẹ̀), plan (ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣiṣẹ́) tí server máa yàn lè má bá iye ẹ̀ mu.