Ẹ gbà mí o, ìpanu oníṣúgà yìí ti dójú tì mí lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Púfù-púfù ni mò ń dín tà láti bí ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Àfi ìgbà tí ẹnìkan gbé iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ wá bá mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá ọmọ ní òun ò fẹ́ púfù-púfù, ojú òun ti rí i tó. Àwọn kéékèèké yẹn lòun fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń dín tí wọ́n á wá fi ṣúgà àti sínámọ́nù bò, ẹyọ kan lẹ́nu ẹ̀ẹ̀kan. Mo ní kò burú, mo gba àsansílẹ̀. Owó Ìjẹ̀bú ti wọ àpò, ta ló fẹ́ dá a padà?

Mo dán an wò lọ́jọ́ Ajé. Fláwà ife 4, yíìsì, ṣúgà odidi ife 1, bọ́tà, mílíìkì. Mo wá da sínámọ́nù ṣíbí ńlá 3 sínú ẹ̀ kó lè ta sánsán. Wákàtí méjì ló fi jókòó, kò wú. Mo dín in bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn ti dúdú, inú ń fà bí àtè. Lọ́jọ́rú mo tún un ṣe, mo rẹ iná sílẹ̀, ló bá mu òróró yó. Ṣúgà tí mo fi bò ó sì di omi nínú kúlà. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán o, wọn ò tilẹ̀ ráhùn, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣe oníbàárà.

Sátidé tó ń bọ̀ lòde náà. Níbo ni mo ti ṣì í?

Alákàrà Ìpẹ̀rù:
Sínámọ́nù yẹn ló dá yíìsì ẹ lọ́wọ́ kọ́. Ohun tó ń mú un ta sánsán yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́, pàápàá tó bá pọ̀ tó ṣíbí ńlá 3. Yọ ọ́ kúrò nínú fláwà pátápátá. Ìta ló wà fún, inú ṣúgà. Tó o bá fẹ́ òórùn díẹ̀ nínú ẹ̀, ariwo (nọ́tímẹ́ẹ̀gì) tó o máa ń rin sí púfù-púfù ti tó.

Ọmọ Òde n'Ìbàdàn:
Mi ò gbà. Yíìsì tó ti kú lo rà. Ìdajì ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà ti pẹ́ nínú oòrùn. Pò ó mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà díẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Tí kò bá hó, dà á nù.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò báyìí, láti inú páálí kan náà. Ó hó kún ife. Alákàrà, ẹ ṣeun mà.

Ọmọ Òde n'Ìbàdàn:
Ó dáa. Mo gbà báyìí.

Oníbúrẹ́dì Ìkẹ́nnẹ́:
Ṣúgà ife 1 yẹn náà wà níbẹ̀, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru sínámọ́nù. Ṣúgà tó bá pọ̀ máa ń fà yíìsì sẹ́yìn, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn pọ́n kí ooru tó dé inú. Ohun tí èmi máa ń lò fún fláwà ife 4 ni ṣúgà ṣíbí ńlá 4, yíìsì ṣíbí kékeré 2, iyọ̀ ṣíbí kékeré 1, ẹyin 1, bọ́tà ṣíbí ńlá 3, àti mílíìkì lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife 1. Ẹ má da mílíìkì náà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí fláwà ò dọ́gba. Ẹ pò ó títí á fi dán tí á sì rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Púfù-púfù ń ṣàn, èyí kì í ṣàn, ibẹ̀ lọwọ́ yín máa kọ́kọ́ ṣì. Ẹ bò ó títí á fi wú di ìlọ́po méjì, bíi wákàtí kan, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Ẹ wá yí i gbọọrọ bí okùn, ẹ gé e kó tó orí àtàǹpàkò. Ẹ má gé e tóbi torí pé ó dà bíi pé ó kéré, á ṣì wú nínú òróró. Ẹ jẹ́ kó tún sinmi fún ìṣẹ́jú 15.

Ti òróró ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá gbóná jù, ẹ̀yìn á jó, inú á tutù, èyí lẹ rí lọ́jọ́ Ajé. Tí kò bá gbóná tó, á kàn máa mu òróró ni, èyí lẹ rí lọ́jọ́rú. Bíi 175°C ló dáa. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó ju ẹyọ kékeré kan sínú ẹ̀. Ó yẹ kó rì díẹ̀, kó yára léfòó, kí òróró máa hó yí i ká. Ẹ má kó o kún inú agbada o. Tó bá pọ̀ jù, òróró á tutù lójijì, ẹ ó sì padà sí ọjọ́rú. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó ẹyọ kékeré bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Gbogbo gígé yìí! Ẹ fi ìka já a bí ẹni ń dín òjòjò. Ṣé wọ́n ń fi rúlà wọn òjòjò ni?

Oníbúrẹ́dì Ìkẹ́nnẹ́:
Mà, ewùrà lẹ ń sọ, fláwà ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba kó tó jiná pọ̀.

Wúrà Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín débi ti àwọn ará Sípéènì tí wọ́n ń pè ní churros, èyí tí wọ́n máa ń da fláwà sínú omi híhó, tí wọ́n á rò ó bí ẹni ro àmàlà. Tí wọn ò bá fi ẹnu onígun tẹ̀ ẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè bẹ́. Tèmi bẹ́ nínú agbada, òróró ta dé ara ògiri. Mo ṣì ń kun ibẹ̀.

Alákàrà Ìpẹ̀rù:
Ti ṣúgà ló kù. Ife 1, sínámọ́nù ṣíbí ńlá 1 àbọ̀, rò ó pọ̀ nínú abọ́ gbígbẹ. Tó o bá yọ wọ́n, jẹ́ kí òróró ro dànù fún bí ìṣẹ́jú kan, kó o wá yí wọn nínú ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá ti tutù, ṣúgà ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n má dé e! Ooru tó há sínú kúlà ló di omi, omi ló yọ́ ṣúgà.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:
Báwo ni mo ṣe máa gbé e dé Òde láì dé e?

Ọmọ Òde n'Ìbàdàn:
Kùn ún ní bọ́tà yíyọ́ tó o bá débẹ̀, kó o wá fi ṣúgà bò ó.

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Kí èèyàn máa kun ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ẹyọ ní bọ́tà? Ọmọ mi, gbé agbada ẹ lọ síbẹ̀. Gé e nílé, kó o fi í sínú kúlà oníyìnyín kó má wú jù, kó o dín in níbẹ̀ gbígbóná. Lójú àlejò ni wọ́n ti ń dín àkàrà.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù (ọjọ́ Àìkú):
Mo padà dé o. Agbada ni mo gbé lọ, Ìyá Àgbà. Ìdí agbada kún ju ìdí rẹ́fíréṣímẹ́ǹtì lọ. Ó wú, ó jiná, ṣúgà dúró. Kìkì pé ṣúgà tán kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ọkọ tó dé, mo ní kí wọ́n lọ ra ìmíràn lọ́jà Òkè-Ajé, ìyẹn tí kò ní sínámọ́nù nínú. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá kan wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ó dùn o, ṣùgbọ́n púfù-púfù ńkọ́?