Ẹ̀yìn etí ọmọdé tó wú: ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ nìkan kò tó mọ́?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 2, kílò 12: etí ti ń dùn ún, ẹ̀yìn etí wá pọ́n, ó wú, kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Etí yọ síta, ojú ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti kún. Mastoiditis ni, àrùn tó wọ egungun ẹ̀yìn etí. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ceftriaxone (abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn), ọjọ́ mélòó la lè fi wò ó kí a tó pe oníṣẹ́ abẹ? Ṣé dandan ni CT (àwòrán inú orí tí a fi ìtànṣán yà)?

Èsì 1
Wákàtí 48 ni. Ẹ dá a dúró sí ọsibítù, ẹ má fi oògùn mímu dá a padà sílé. Ceftriaxone mílígíráàmù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀: 600 nìyẹn fún ọmọ yìí. Tí ẹ bá fura pé àrùn náà ti dé ọpọlọ, ìwọ̀n náà á lọ sókè dé mílígíráàmù 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ gbà á fún lábù, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn dá abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dúró. Ẹ fi parasitámọ̀ sí i fún ìrora.

Èsì 2
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ka wákàtí 48 bí òfin. Tí ibi tó wú bá rọ̀, tó ń mì lábẹ́ ìka, ọyún ti kó sórí egungun nìyẹn. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọyún tó ti kó jọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà etí fà á jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ó tún lè lu ihò kékeré sára ìlù etí, kí ti inú náà rọ́nà jáde. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́ ni yóò gbẹ́ egungun tó ti bàjẹ́ kúrò.

CT? Ọmọ tó ń gbádùn bọ̀ kò nílò rẹ̀. Ìtànṣán kì í ṣe ohun eré. Àmọ́ bí ojú bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọrùn bá le, tó ń bì, tó ń sùn lásùnjù, ẹ má ṣe dúró rárá.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun. Ìgbà wo la wá ń dá oògùn dúró?

Èsì 1
Ó kéré tán, ọjọ́ 10 lápapọ̀. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́ títí ibà á fi lọ tí wíwú á sì fi wálẹ̀, kí ẹ tó yí i sí mímu. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: ìrora lọ, wọ́n ní ó parí, egungun kò sì tíì jinná. Ibà tó lọ tí ẹ̀yìn etí ṣì wú, ẹ má gbà á gbọ́. Kí ẹ sì yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti rọlẹ̀.