Wọ́n ní kí n mú ọmọ mi lọ sí iléèwé adití, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ń gbọ́ díẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àrẹ̀mú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ, práímárì 3 ló wà ní iléèwé aládàáni kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò ní dárúkọ wọn. Láti kékeré letí ẹ̀ ti máa ń ṣọyún, a ó tọ́jú ẹ̀ á lọ, á tún padà wá, ìyá ọkọ mi á fi ìyẹ́ adìyẹ bá a nù ún, á kán òróró sí i, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ìgbà tó yá la wá ń rí i pé tí mo bá pè é látẹ̀yìn kì í dáhùn, àmọ́ tó bá ti ń wojú mi kò sóhun tí mo sọ tí kò ní fèsì. A gbé e lọ sí OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ṣàgámù, wọ́n gbé nǹkan bò ó létí, wọ́n ní kó máa nawọ́ tó bá ti gbọ́ "píì", wọ́n wá fún wa ní bébà kan tí ìlà ń sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀. Etí ọ̀tún kì í gbọ́ ohun tí ò bá tó 55 dẹ́síbẹ̀lì (nǹkan tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó), tòsì sàn díẹ̀, 35. Wọ́n ní ó máa nílò ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ràn.

Mo mú bébà yẹn lọ fún ọ̀gá iléèwé. Kò tiẹ̀ wò ó délẹ̀. Ó ní àwọn ò ní tíṣà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí n yáa wá iléèwé adití fún un, pé ó ń fa kíláàsì sẹ́yìn, tí téèmù yìí bá ti parí àwọn ò gbà á mọ́. Ọmọ tó ń gba 80 nínú ìṣirò! Inú dictation nìkan ló ti máa ń gba òdo. Wọ́n pe "ship", ó kọ "ip". Wọ́n pe "fish", ó kọ "i" nìkan. Tíṣà fi bírò pupa kọ "unserious" síbẹ̀, ọmọ wá gbé ìwé wálé ó ń bi mí pé kí ni wọ́n kọ.

Bàbá ẹ̀ ní ká mú un kúrò jẹ́jẹ́. Èmi ò gbà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kàwé, ó ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kò sì gbọ́ èdè ọwọ́ rárá. Ṣé òfin kankan wà tó lè dá wọn dúró? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe bá iléèwé sọ ọ́? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀ jàre. Látorí Lágos Gárèèjì títí dé Ìmọ̀wò, iléèwé aládàáni pọ̀ bí ẹni da gàrí sílẹ̀. Owó yín ni, ẹ ò lè máa fi owó yín bẹ èèyàn. Kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà sí i.

Tíṣà Ìpẹru
@Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi, tí wọ́n bá dé ìkejì tí ìyẹn náà ní àwọn ò ní tíṣà ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa gbé ọmọ kiri ni?

Ìyá Àrẹ̀mú, ẹ pẹ̀lẹ́. Tíṣà ni mí, FCE Special Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà ọmọ tó ní àìlera, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín ka bébà yẹn. Ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nítòsí máa ń wà ní nǹkan bíi 60. Tí ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, á fi bíi 6 dín kù. Ẹ wá ro ó, tíṣà ń bẹ lójú bọ́ọ̀dù, ọmọ ń bẹ ní bẹ́ǹṣì kẹrin, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kò ní tó 50 mọ́, etí ọ̀tún ti jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, etí òsì nìkan ló kù, ìyẹn náà ń bá fáànù àti jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń pariwo ní práímárì 2 jà. Àti pé àwọn ìró bíi s, f, sh, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí ni wọ́n, àwọn ló kọ́kọ́ máa ń bọ́. Ohun tó fà á tó fi ń kọ "ip" nìyẹn. Ohun tó gbọ́ gan-an ló kọ sílẹ̀, kò sí "unserious" kankan níbẹ̀. Ìṣirò sì rèé, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ojú ẹ̀ kò ní nǹkankan.

Tẹ́ ẹ bá padà débẹ̀, ẹ má lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n "ṣàánú" ọmọ yín o. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kẹ́ ẹ kà fún wọn, gbogbo ẹ̀ ni kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kó jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú lápá ọ̀tún, kí etí òsì lè kọjú sí tíṣà àtàwọn yòókù. Kí tíṣà má kọjú sí bọ́ọ̀dù máa sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ tán kó tó yíjú padà. Tó bá fẹ́ pe dictation, kó fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn, kí ìwé má bo ẹnu ẹ̀, torí ọmọ yín ń ka ètè, òun náà lè má mọ̀ pé òun ń kà á. Kí wọ́n fi ọmọ kan tó jáfáfá tì í, tó máa fi ojú ìwé hàn án. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: kí wọ́n yé bi í pé ṣé o gbọ́. Á ní òun gbọ́! Gbogbo ọmọ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà fi òun ṣẹ̀sín. Kí wọ́n ní kó tún un sọ.

Ẹ kọ ọ́ sí lẹ́tà, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan fún yín, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà bébà OOUTH mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: kí lẹ ti gbìyànjú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kó máa lọ?

Ní ti iléèwé adití, kò sí ìtìjú níbẹ̀ o, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí mo mọ̀ níbẹ̀ gbọ́n ju tíṣà míì lọ. Àmọ́ ẹ̀yin àti ẹni tó yẹ etí ẹ̀ wò lẹ máa jọ pinnu ìyẹn, kì í ṣe ẹni tí kò tíì wo bébà délẹ̀. Ẹ gba ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ màmá pẹ̀lú. Etí tó bá ń ṣọyún, inú ẹ̀ lè ti lu, kò yẹ ká kán òróró sí i rárá.

Bàbá Jókẹ́, Ṣàgámù
Tíṣà ti sọ ọ́ tán, òfin ló kù. Ó wà. Ti 2004 tó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti dandan ka àwọn ọmọ tó ní àìlera ara mọ́ ọn. Èyí tó wá le jù ni ti 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí àìlera ya èèyàn sọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà. Èèyàn lásán, 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ibi tó ti sọ pé ẹ̀kọ́ wọn á jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì, pé iléèwé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú wọn, iléèwé ìjọba ló ń bá wí níbẹ̀, ẹ má lọ sọ ìyẹn fún aládàáni kí wọ́n má baà fi yín rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mò ń sọ fún yín bí ẹni tó ti wà ní kóòtù rí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹjọ́ ní Nàìjíríà, ọmọ yẹn á ti sin ìlú tán kó tó parí. Ẹ fi òfin náà sí ìlà tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yín, ìlà kan péré, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kẹ́ ẹ ní ẹ ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ tó fún wọn níwèé àṣẹ. Kò sí ọ̀gá iléèwé aládàáni tó fẹ́ gbúròó ìnspẹ́kítọ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ jẹ́ kémi yapa díẹ̀. Lẹ́tà dáa, àmọ́ ẹ má fi í ṣáájú o. Ọmọ mi obìnrin náà ń lo ẹ̀rọ etí, ọ̀dọ̀ tíṣà kíláàsì ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, torí òun ló ń bá ọmọ gbé látàárọ̀ dọ̀sán, ọ̀gá wà nínú ọ́fíìsì. Mo ní àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìka di etí yín méjèèjì, ẹ kọjú sí ògiri. Mo wá pe dictation tiwọn gan-an fún un látẹnu ọ̀nà. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, mẹ́rin ló kọ bó ṣe yẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní "Mọ́mì, báyìí ló ṣe ń gbọ́ lójoojúmọ́?" Látọjọ́ yẹn òun ló ń bá mi gbèjà ẹ̀ ní staff meeting, mi ò sí níbẹ̀ pàápàá.

Àwọn ọmọ kíláàsì ńkọ́? Ẹ má fojú fo ìyẹn. Wọ́n ń pe ọmọ mi ní Rédíò, wọ́n ń fa ẹ̀rọ yẹn yọ. Tíṣà yìí ló ní kí n wá, mo gbé e fún wọn káàkiri, kálukú gbọ́ bó ṣe ń súfèé, ojú wọn là, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ti owó: ẹ̀rọ yẹn wọ́n, irọ́ kò sí níbẹ̀. Regbẹ́regbẹ́ ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ló dá owó ẹ̀rọ etí kan fún wa, nígbà tẹ́nì kan dìde ní mítíǹgì tó ní aṣọ Ojúde Ọba ọdún yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ wí fún bàbá Àrẹ̀mú kó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ ẹ̀. Ojú máa tì í o, kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Gidi
Ó dáa, mo ti gbọ́. Àmọ́ ohun kan ni mo ṣì dúró lé: tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí wọ́n sì gbà á tìbínú-tìbínú, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ borí fi ọmọ síbi tí wọn ò ti fẹ́ rójú ẹ̀. Ọmọ máa ń mọ̀.

Tíṣà Ìpẹru
Òótọ́ nìyẹn, mi ò jà sí i. Tó bá dójú ẹ̀, kẹ́ ẹ gba rìpọ́ọ̀tì káàdì ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ gba ìdí tí wọ́n fi ní kó lọ ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í fẹ́ kọ irú ẹ̀ sórí bébà, wọ́n á kúkú dákẹ́.

Ìyá Àrẹ̀mú
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti lọ. Tíṣà kíláàsì ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ọmọdé ni, ẹ̀rù ọ̀gá ń bà á, àmọ́ ó ti gbé Àrẹ̀mú wá síwájú lápá ọ̀tún lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀gá gba lẹ́tà, ó buwọ́ lù ú, ó ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á "gbé e yẹ̀ wò". Ọ̀rọ̀ téèmù tó ń bọ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá ẹ̀ náà ti ń rọ̀, ó ní òun á dé mítíǹgì. Ìyá ọkọ mi nìkan ló kù.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Wọ́n ní bátìrì 13 ni ẹ̀rọ náà máa ń lò. Mo wá a dé ọjà Òkè Àjẹ, ti aago ni wọ́n ń gbé fún mi. Ibo lẹ ti ń rà á?

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ má ra ti aago o! Ọwọ́ àwọn tó máa ta ẹ̀rọ fún yín ni kẹ́ ẹ ti gbà á, kẹ́ ẹ gba páálí tó pọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́yìn bátìrì kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣí i àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í sí ẹ̀rọ, torí tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sọ́wọ́ tíṣà ẹ̀.