Ohun tí agbaṣẹ́ṣe fẹ́ bò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ìrírí wa lórí títún ilé ṣe

Mo kí gbogbo yín o. Ilé tó ti gbó ni mo máa ń rà, tí mo máa ń tún ṣe kí n tó gba ayálégbé sí i, nítorí náà ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ni èrè mi wà. Èyí tí mo gbé ilé mi kejì fún ní ọ̀yàyà púpọ̀, iye tó dá lé iṣẹ́ náà sì fi kéré ju ti àwọn méjì yòókù lọ débi pé ó yẹ kó ti fu mí lára. Ó ní kí n san ìlàjì owó kí òun lè fi ra ohun èlò, mo sì san án. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wá déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́yìn náà, kò gbé fóònù mi mọ́.

Owó náà kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí ẹlòmíràn fọ́ ògiri balùwẹ̀ tó ti lẹ táìsì sí, a rí i pé ọ̀rá lásán ló fi di ibi tí páìpù méjì ti pàdé, omi sì ti ń sun níbẹ̀ títí pákó inú ògiri fi rọ̀, tí ìka mi wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ti ṣe ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ni mo máa ń ní kó mú mi lọ wò, nítorí ọ̀dà tuntun máa ń bo àléébù. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, màá bi onílé pé: “Nígbà tí nǹkan kan bàjẹ́, ṣé ó padà wá?” A máa ń pín owó sí ìpele nínú ìwé àdéhùn, mo sì máa ń dá ìdá 10 nínú 100 dúró títí gbogbo iṣẹ́ yóò fi pé. Kò sí páìpù tàbí wáyà tí wọ́n lè bò kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

*

Ẹ kú ìrírí, ẹ sì kú àfaradà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, nítorí èmi gan-an ni mo fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Èlé owó tí mo yá ń gorí ara wọn, mo sì ń yọ agbaṣẹ́ṣe mi lẹ́nu pé kó yọ pákó tó gbé kọnkéré ró. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ó kéré tán, ọjọ́ 7 ni kọnkéré gbọ́dọ̀ fi máa mu omi, àti pé ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fi díwọ̀n agbára rẹ̀. Inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a dé orí balùwẹ̀, ó dí ihò omi, ó bu omi sí ilẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí omi dé lára ògiri, pé kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 ká lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ń jò. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé omi ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ìlà ní ìwọ̀n ìka kan, bẹ́ẹ̀ ká ní ó lẹ táìsì lé e lórí ni, n kò ní mọ̀ láéláé. Ó tú ohun tó fi bo ilẹ̀ náà kí omi má baà jò, ó sì tún un ṣe lówó ara rẹ̀. Nígbà tí a tún bu omi sí i, omi kò kúrò lójú ìlà. Kó tó béèrè ni mo ti san owó ìpele náà, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.