Ọ̀rọ̀ "put off" ti yanjú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo béèrè níjọ́sí bóyá "put off" ní ìlò míì yàtọ̀ sí ká pa iná. Ó ní in dáadáa. "They put off the wedding till December": wọ́n sún ìgbéyàwó di Oṣù Kejìlá. "The smell put me off": òórùn yẹn ò jẹ́ kó wù mí mọ́. Ní ti iná, "turn off" tàbí "switch off" ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ará Ìlú Ọba.

Èyí tó wúlò fún mi jù ni ibi tí "it" ń jókòó sí. Àárín ni: "put it off", kì í ṣe "put off it" láéláé. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá sì tẹ̀ lé e, ó ń gba "-ing": "I keep putting off going to the dentist." Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè mi parí síbí o.