Ìdáhùn lórí "àtìsíhò": òfin gọ́ọ̀fù kò gba títì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àgbà wa ní Ilé-Ifẹ̀ tó kó ọ̀rọ̀ eré-ìdárayá jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù tí ẹ fi ránṣẹ́, mẹ́ta kò ṣeé gbé mì. Ẹ pe rírọra darí bọ́ọ̀lù sínú ihò ní "àtìsíhò". Ẹ pe ohun tí ọmọ ń kà, ìyẹn iye ìgbà tó fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò (ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló ń borí), ní "ìgbá". Ẹ pe ẹ̀kọ́ ìwà tó bá eré náà rìn ní "ìdàgbàsókè ìwà". Nínú gírámà, ọ̀gá ni yín. Orí pápá ni mo ti fẹ́ fèsì.

"Tì" ló bí mi nínú jù. Ohun tí a bá ń tì, ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀: a ń ti ọkọ̀, a ń ti ilẹ̀kùn. Òfin gọ́ọ̀fù kọ èyí gbangba. Òfin kẹwàá ní kí orí ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù fìrí, kó má tì í, kó má wọ́ ọ, kó má bù ú sókè. Ẹni tó bá ṣe é, méjì ni a óò fi kún iye tirẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ṣé a óò wá fi orúkọ eré kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ̀, ká tún bá a wí pé ó ṣẹ̀? (Ẹni tó sì kọ ọ́ ní "àtisíhò" láàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kò sí àbọ̀ lẹ́yìn "tì" níbẹ̀ tí yóò sọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ti àárín.)

"Ta" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń wá. A ń ta ọfà, a ń ta òkòtó, a ń ta arìn. Ohun tí a bá ta ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ pè é ní ìtasíhò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn lára ọmọ ọdún mẹ́jọ kíákíá. Ẹ ní kó tì í, yóò lẹ orí ọ̀pá mọ́ bọ́ọ̀lù, yóò máa bá a lọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò yí, bọ́ọ̀lù yóò sì ya bàrá. Ẹ ní kó ta á: ẹsẹ̀ méjèèjì yà ní ìwọ̀n èjìká, ojú wà lórí bọ́ọ̀lù, apá méjèèjì jọ fì láti èjìká, ọrùn ọwọ́ kò ṣẹ́. Tí ihò bá jìnnà, kó fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Kó má fi agbára kún un. Ilẹ̀ pupa líle tí kò ní koríko máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sáré kọjá, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣísẹ̀ kan, kí ẹ lọ sí méjì, kí ẹ tó dé mẹ́rin. Ihò gidi fẹ̀ tó mílímítà 108, ó kéré jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Táyà àlòkù tí a fi lélẹ̀ dára, kí ọmọ ta bọ́ọ̀lù kó kàn án. Lílù jíjìn, ó di ẹ̀yìn.

"Ìgbá" ńkọ́? Ọmọ tó ju ọ̀pá tí kò sì ba bọ́ọ̀lù yóò ní òun ò tíì gbá a. Tí ẹ bá ń ka ìgbá, òótọ́ ló sọ! Ṣùgbọ́n òfin ka èyí mọ́ ọn lọ́rùn: bí ó bá ti fi ọ̀pá wá síwájú pẹ̀lú èrò láti lu bọ́ọ̀lù, ọ̀kan ni. Èyí tó fi dánra wò kò sí nínú kíkà. Ìfì ni kí a máa kà, láti ara "fì" ti apá, kì í ṣe "fi" tó ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn rìn. Ta ló sì mọ̀ bóyá ó fẹ́ lù ú ni, tàbí ó ń dánra wò? Òun nìkan ni. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ìwà fi ń wọ eré yìí. Ní 1925, nínú US Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ti Amẹ́ríkà, Bobby Jones, ògbóǹtarìgì nínú eré náà, ní bọ́ọ̀lù òun mì níwájú òun kí òun tó lù ú, ẹ̀ṣẹ̀ sì nìyẹn nínú òfin, ó sì fi ìfì kan kún iye ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́lòmíràn tó rí i. Òun àti Willie Macfarlane tí wọ́n jọ ń díje parí sí iye kan náà, Macfarlane sì borí nígbà tí wọ́n tún un gbá.

Ní kíláàsì, ẹ pín ọmọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ta, kí èkejì kọ ọ́, kí àwọn méjèèjì jọ kà á sókè kó tó di pé olùkọ́ gbà á. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ tó ti fì í nígbà mọ́kànlá yóò tijú, yóò sì gé e sí méje. Ẹ fi òpin sí mẹ́jọ: tó bá pé mẹ́jọ, kó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, ká kọ mẹ́jọ. Irọ́ kò ní èrè mọ́ nìyẹn. Láàárín àwọn àgbà, ẹni tó bá fi iye tó dín sílẹ̀ lórí ihò kan ni a ń yọ kúrò nínú ìdíje. Ẹ má ṣe èyí fún ọmọdé, kó tún ihò náà ta ló tó.

"Ìdàgbàsókè ìwà" kò dùn létí rárá. Ìlú ló ń ní ìdàgbàsókè. Ìwà, híhù ni, kíkọ́ ni, títọ́ sì ni. Ètò First Tee, tó ń fi gọ́ọ̀fù kọ́ ọmọdé ní ìwà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, ka ìwà mẹ́sàn-án sílẹ̀, òótọ́ àti ọ̀wọ̀ wà lára wọn. Àwọn àgbà tiwa ti di gbogbo rẹ̀ sínú ọmọlúàbí. Ẹ kọ "ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí", kó parí. Àwọn àgbà tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo iṣẹ́ nǹkan kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹni tó kọ̀wé láti Iléṣà pé "kóndó" ni kí a pe ọ̀pá, mi ò gbà. Kóndó, ẹ̀yìn ènìyàn ló ń wá, a sì ń bá ọmọ jà kó má ju ọ̀pá nítòsí ẹnì kejì: ìṣísẹ̀ ńlá mẹ́rin láàárín ọmọ méjì, ọlọ́wọ́ òsì ní ìparí ìlà, kò sẹ́ni tó ń lọ ṣa bọ́ọ̀lù àfi tí olùkọ́ bá pè. Tí àbúrò mi bá ní ìdí mìíràn fún "kóndó" ju pé ó rọrùn lẹ́nu, kó mú un wá. Àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àkójọ náà ṣe kó tó dé ọwọ́ àwọn olùkọ́.